Bí a ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí egbò nínú ìtọ́jú oògùn àti ìmọ́lẹ̀

Nínú ìtọ́jú yìí, a ó fi oògùn pa egbò, ìyẹn ibi tí àìsàn wà lára, tàbí kí a gún un lábẹ́rẹ́, a ó dúró kí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí oògùn lè gba agbára rẹ̀, kí ó sì fi ọ́síjìn inú ara ṣe oró tí yóò pa sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, àìsàn yóò ṣẹ́kù. Bí ó bá pọ̀ jù, ara tó dá yóò fara gbá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀ pé iye ìṣẹ́jú tí fìtílà fi tàn kọ́ ni ìwọ̀n. Ohun tó balẹ̀ sórí egbò gan-an ni.

Júùlù (òṣùwọ̀n agbára) lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan ni a fi ń ka ìwọ̀n náà. A ó fi mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, wọn iye mílíwáàtì (bí agbára ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára bọ́) tó ń dé orí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, a ó fi ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì fi 1000 pín in. Fún ìpara methyl aminolevulinate lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa tí gígùn ìgbì rẹ̀ (èyí tó ń sọ irú àwọ̀ tó jẹ́) jẹ́ nǹkan bíi 630 nánómítà, 37 júùlù ni wọ́n sábà máa ń lò: bí mítà bá ka 50, ìṣẹ́jú àáyá 740 ni a nílò; bí ó bá ka 40, ó di 925.

Kí a tó wọn ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ yí mítà sí gígùn ìgbì fìtílà wa, nítorí ojú mítà kì í rí gbogbo àwọ̀ bákan náà. A ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku pupa ìlú wa lè bo dígí náà láàárín òwúrọ̀ kan. A ó jẹ́ kí fìtílà gbóná títí tí kíkà rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni a ó fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín fìtílà àti awọ, kí a sì gbé ojú mítà sí ibi tí awọ aláìsàn yóò wà gan-an, nítorí bí a bá sún un sókè díẹ̀ péré, iye yóò yí padà. Àárín nìkan kò tó: a ó ka etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú, torí pé àárín ló sábà máa ń mọ́lẹ̀ jù. Bí mítà bá ń ka mílíwáàtì lásán, a ó fi fífẹ̀ ihò ojú rẹ̀ pín in. Ihò tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 0.785, nítorí náà 40 mílíwáàtì di nǹkan bíi 51.

Ọjọ́ kan tí a ń dánrawò, láìsí aláìsàn lábẹ́ fìtílà, iná lọ, a sì tan jẹnẹrétọ̀. Ojú lásán kò rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n mítà tó ti ń ka 50 wá ń ka 43. Ká ní a lo ìṣẹ́jú àáyá 740 bẹ́ẹ̀, kò ní pé 32 júùlù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí mo gbà fún láti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: a ó wọ̀n ọ́n ṣáájú ìtọ́jú, a ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àti nígbàkúgbà tí iná bá yí padà.

Ẹni tí fìtílà rẹ̀ lágbára kò gbọdọ̀ rò pé òun lè gé àkókò kúrú bó ti wù ú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti le jù, ara yóò gbóná, ìrora yóò pọ̀, ọ́síjìn ibẹ̀ yóò sì tán kí oògùn tó parí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn kì í kọjá 150 mílíwáàtì. Kí a sì rántí pé orí awọ ni mítà ń kà. Ìmọ́lẹ̀ pupa ń wọlé jìn ju ti búlúù lọ, àwọ̀ dúdú ara sì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ìsàlẹ̀.

Nínú ìwé aláìsàn, a ó kọ gígùn ìgbì, àlàfo, kíkà ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn, àti ìṣẹ́jú àáyá. Bí kíkà méjèèjì kò bá bára mu, dókítà ni kí a pè, kì í ṣe kí a fi àkókò kún un fúnra wa.