Kẹ́ẹ tó ra àga oak àtijọ́ ní gbàǹjo, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ ná

Ní England níbí, wọ́n sábà máa ń pàtẹ ọjà fún wíwò kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ẹ lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ti fóònù náà ń ṣe é, kẹ́ẹ sì wọ ṣòkòtò tí ò ní dùn yín tó bá dọ̀tí, torí orí ìkúnlẹ̀ lẹ máa wà. Àga oak (igi líle kan nílẹ̀ òyìnbó) tí mò ń sọ kì í ṣe ti ààfin o, àga oko ni, èyí táwọn káfíńtà ìgbèríko ṣe ní bí ọdún 1600 sí 1700, bíi àwọn ti Yorkshire àti Derbyshire tí wọ́n máa ń gbẹ́ ọnà sí igi ìdábùú ẹ̀yìn wọn.

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta tàbí erùpẹ̀ nilẹ̀ ilé wọn nígbà yẹn, ó máa ń rin, igi á máa fa omi náà láti ìsàlẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi jẹrà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi jẹ́ pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n sì lẹ òmíì mọ́ ọn. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti so ó, ibi tí àwọ̀ igi ti yàtọ̀. Ìyẹn ò ní kí n má ra àga o, owó tí mo máa fi lé e ló máa wálẹ̀. Igi ìdábùú tó wà nísàlẹ̀ níwájú ńkọ́? Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń gbẹ́sẹ̀ lé láti bí 300 ọdún, ó yẹ kó ti jẹ, ṣùgbọ́n kó jẹ ní wúruwùru, tó bá jẹ dọ́gba rẹ́gí bíi pé fáìlì irin ni wọ́n fi rà á, ẹ fura.

Wọn kì í fi ìṣó irin kàn wọ́n. Wọ́n á ki ẹnu igi kan bọ inú ihò èkejì, wọ́n á lu ihò kọjá, wọ́n á wá gbá èèkàn igi wọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbẹ́ èèkàn yẹn, kì í rí roboto dáadáa, ó sì sábà máa ń yọrí díẹ̀ torí igi tó yí i ká ti sún kì. Èmi máa ń fọwọ́ pa á ni. Ìdí ìjókòó náà, gbígbẹ ló yẹ kó gbẹ, kó máa ṣe bí eérú, ẹni tó bá lọ kun fáníìṣì dúdú síbẹ̀ ní nǹkan tó ń bò.

Ihò kòkòrò tí ò ju mìlímítà kan sí méjì lọ ò lè pa yín, àfi tí ìyẹ̀fun funfun bá ń dà jáde tẹ́ẹ bá gbá a, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì wà ńbẹ̀.

Èyí tó ṣe mí rèé. Mo rí àga méjì nínú fótò, wọ́n gbẹ́ 1681 sẹ́yìn wọn bí ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n, orí mi wú, mo fowó lé e láti ilé. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé tí mo dà á dojú bolẹ̀, ojú ayùn tó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè ni mo rí lábẹ́ ìjókòó, ayùn roboto nìyẹn, ẹ̀yìn ọdún 1800 ló tó wọ́pọ̀. Ihò kòkòrò wá ṣí sílẹ̀ gbọọrọ lójú igi bíi kòtò omi, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kì í jẹun lóde, inú ló ń gbà, ó túmọ̀ sí pé kòkòrò ti jẹ igi náà tán kí ẹnì kan tó là á, tó fi kan àga. Rìpóòtì tí ilé gbàǹjo kọ nípa ẹ̀ kàn sọ pé ó ti gbó díẹ̀ ni, irọ́ kọ́, èmi ni mi ò bi wọ́n.

Tẹ́ẹ bá rí A/F níwájú ọjà, bẹ́ẹ ṣe bá a lẹ ṣe máa gbé e, pẹ̀lú gbogbo àbùkù ẹ̀. “17th century and later” náà (ọdún 1600 sí 1700, àti lẹ́yìn ẹ̀), ẹ má fojú fo “later” yẹn o, ó túmọ̀ sí pé apá kan lára ẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà yẹn. Owó ńkọ́: tí òòlù bá lù ní £200, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni owó tẹ́ẹ fi lé e parí sí, tí ilé gbàǹjo ń gba 25% tiwọn lórí ẹ̀, £50 nìyẹn, VAT 20% á tún gorí £50, ó di £260, kẹ́ẹ tó sanwó mọ́tò.

Tẹ́ ò bá lè lọ fúnra yín, ẹ fi ìméèlì bi wọ́n: ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀, ṣé ìjókòó yẹn ló bá wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fótò ìdí ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ̀ láti ya fótò ìdí ẹ̀, èmi kì í fowó lé e mọ́.