Òkè tẹ́ẹ fẹ́ fi ṣe àmì nínú ayé àtinúdá yín

Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń ya máàpù ayé tí ò sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gbé òkè kalẹ̀ torí kó ṣáà lè ga. Ẹ jẹ́ kó dá dúró. Ẹ wo Kilimanjaro, mítà 5,895 ni lóòótọ́, àmọ́ òkè ayọnáyèéfín tó dá wà ni, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló yí i ká, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń rí i látọ̀nà jíjìn.

Kẹ́ẹ tó fi ìlú kankan síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá o. Èyí tó ń bọ̀ látòkun á gun òkè, á tutù, á da òjò ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ìgbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì ó ti gbẹ, ẹ wá ní igbó kìjikìji lápá kan, ilẹ̀ gbígbẹ lápá kejì. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí àwọn kan á máa bọ òkè yẹn nítorí òjò, àwọn tòdìkejì á ní òun ló gba òjò mọ́ àwọn lọ́wọ́, ìjà ti dé nìyẹn!

Ẹ tún ya á láti ìhà méjì, kí arìnrìn-àjò lè fi ìrísí ẹ̀ mọ ibi tóun wà.