Kí ẹ tó sanwó rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì àtijọ́

Ẹ̀yin ará, owó rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ńlá ti wọ́n gan-an. Bí alárobọ̀ ní Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́ l'Ábẹ́òkúta bá ní “ó ń ṣiṣẹ́,” rédíò nìkan ló sábà máa ń ní lọ́kàn.

Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní dùn yín bó bá já dání. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kọrin. Bí mọ́tò bá ń kùn tí téèpù kò yí, bẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí mọ́tò fi ń yí téèpù, ló sábà máa ń ti yọ́: á ti dúdú, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Àléébù kékeré ni, àmọ́ ẹ fi já owó náà wálẹ̀ dáadáa. Sípírítì àti òwú ni kí ẹ fi nù ún kúrò lára àwọn àgbá tó ń yí. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀tì tuntun á máa yọ̀. Ẹ fi òwú ìránṣọ wọn ọ̀nà tó gbà, kí tuntun fi díẹ̀ kúrú sí ìwọ̀n yẹn kó lè fà le. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó o! Ohùn olórin á kàn máa fì ni.

Ẹ wo ilé bátìrì, bóyá ìpẹtà ti jẹ irin rẹ̀.

Ẹ̀yìn rédíò náà ló ṣe pàtàkì jù: ẹ wo iye fóòtì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Iná fóòtì 100 ni wọ́n ń lò ní Japan, 120 ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá kì í bọ iná tiwa, tiransifọ́mà lè jó. Bó bá ní ibi tí wọ́n ti ń yí fóòtì, ẹ kọ́kọ́ yí i sí 220 tàbí 240.