Ẹ fa ìlà sára ìlù kí ẹ tó tú u

Ẹ̀yin onílù tó ń lo dírọ́ọ̀mù tí kékeré ń wọnú ńlá tí ẹ bá ń gbé e lọ sóde, kí ẹ tó tú awọ rẹ̀, ẹ fi máàkà fa ìlà kan láti etí awọ, kó gba orí òrùka irin, kó bọ́ sára igi. Tí ẹ bá dé òde, ẹ tò wọ́n kí ìlà náà tún dọ́gba. Awọ tó ti pẹ́ lórí ìlù ti mọ ẹnu igi rẹ̀. Tó bá padà síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ bọ̀ sípò. Awọ tuntun ò gba èyí o, àfi kí ẹ fa awọ náà le láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì fi àkísà áńkárá sáàárín àwọn ìlù náà, irin etí ìlù máa ń họ ara wọn gan-an nínú búùtù ọkọ̀.