Yíyan Okùn Fluorocarbon fún Ìwọ̀ Oníìyẹ́ ní Odò Ògùn

Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀ oníìyẹ́ pẹja, ìyẹn ìwọ̀ tí a di ìyẹ́ àti òwú mọ́ kí ó lè jọ kòkòrò lójú ẹja, mọ̀ pé okùn tín-ín-rín tó kángun sí ìwọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní tippet, ni ẹja sábà máa ń fura sí, òun náà ló sì máa ń tètè já. Kì í sábà gùn ju 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní Abẹ́òkúta níbí, níbi tí Odò Ògùn ti ń gba àárín àpáta kọjá, fluorocarbon yẹ ní rírà, bí a bá ti mọ ìgbà tó wúlò àti ìgbà tí kò wúlò.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo iye owó. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi odò máa ń fà, ó sì máa ń tòrò ju ti ìgbà òjò lọ, ẹja epìyà tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ a sì máa fura gidigidi. Ìgbà yìí gan-an ni owó tí a fi ra fluorocarbon kì í ṣòfò, nítorí pé bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ súnmọ́ bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́: òǹkà ti omi jẹ́ 1.33, ti fluorocarbon jẹ́ 1.42, ti okùn ọ̀rá (nylon) sì wà ní nǹkan bíi 1.53. Èyí kò wá ní kí ẹja má rí i rárá, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń pariwo. Yóò kàn ṣòro fún un díẹ̀ sí i ni. Bí òjò bá ti da omi rú, ẹ tọ́jú owó yín, okùn ọ̀rá ti tó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, lè mú kí odò kún nígbà tí òjò kò rọ̀ rárá láàárín ìlú.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ ro ibi tí ìwọ̀ náà máa dúró sí. Bí a bá mú omi, ọ̀rá àti fluorocarbon tí wọ́n gba àyè kan náà, tí omi wọn gíráàmù 1, ọ̀rá yóò wọn 1.14, fluorocarbon yóò sì wọn 1.78. Nítorí náà, fluorocarbon dára fún ìwọ̀ tó yẹ kó rì, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀ bá jẹ́ èyí tó ń léfòó, ó lè fà á wọ inú omi. Okùn ọ̀rá ni kí ẹ so mọ́ ti orí omi.

Ní ti ìnípọn, ẹ ó rí nọ́ńbà kan lára páálí rẹ̀ tí lẹ́tà X tẹ̀lé. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń pọ̀ tó ni okùn ń tín-ín-rín tó. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 11, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ìnípọn okùn náà ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì: 4X jẹ́ 0.007 ínṣì, tó tó nǹkan bíi 0.18 mílímítà, 0X sì jẹ́ nǹkan bíi 0.28. Bí ẹ bá fi 3 pín nọ́ńbà ìwọ̀ yín, ẹ ó rí X tó bá a mu, nítorí náà ìwọ̀ 12 gba 4X. Àpáta wa ló mú mi fara mọ́ 3X fún ìwọ̀ kan náà, torí okùn tó bá ha lára òkúta kì í pẹ́ já. Mílímítà ni kí ẹ gbára lé nígbà tí ẹ bá ń fi okùn méjì wéra, nítorí pé ìwọ̀n agbára tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sára páálí kì í bára mu. Fún ẹja tí eyín rẹ̀ mú, kò sí tippet tín-ín-rín tó lè dúró. Wáyà ni kí ẹ fi sí ìdí ìwọ̀.

Ilé iṣẹ́ Kureha ti Jàpáàn ló kọ́kọ́ ṣe okùn ìwọ̀ fluorocarbon ní 1971, ṣùgbọ́n lónìí, okùn ọ̀rá tí wọ́n kàn fi fluorocarbon bò lára náà wà lórí àtẹ. Ẹ wá 100% lára páálí. Bí ẹ bá ti rà á délé, ẹ gé ègé kékeré lára rẹ̀ àti lára okùn ọ̀rá, ẹ fi ìka tẹ méjèèjì bọ inú ife omi tó mọ́ títí tí gbogbo ara wọn fi rin, kí ẹ sì jọ fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fluorocarbon gidi ló máa kọ́kọ́ balẹ̀. Kì í fa omi mu, oòrùn kì í sì í tètè bà á jẹ́ bíi ti ọ̀rá, nítorí náà èyí tó ṣẹ́kù lọ́dún yìí ṣì wúlò lọ́dún tó ń bọ̀.

Kókó ló ń já ọ̀pọ̀ okùn yìí, torí pé ó le, ooru ìfarakanra sì máa ń bà á jẹ́. Ẹ fi itọ́ rin kókó náà, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó gé ìrù rẹ̀. Láti so ó mọ́ okùn ọ̀rá, ẹ gbé okùn méjèèjì lé ara wọn, ẹ ṣe òrùka kan, ẹ gba inú rẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú okùn méjèèjì, kí ẹ sì fa orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Kí ìnípọn wọn má fi ju 0.05 mílímítà lọ síra.

Lẹ́yìn gbogbo ẹja tí ẹ bá mú láàárín àpáta, ẹ fi ìka tọ́ okùn náà láti ìdí ìwọ̀ lọ sókè. Bí ó bá họ níbì kan, ẹ gé e, kí ẹ tún un so. Èyí tí ẹ gé, ẹ má jù ú sódò, nítorí kì í jẹrà, ẹ má sì sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ ní oró. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ dà á sínú àpò pàǹtírí.