Bí mo ṣe bá Medicare ṣe ọ̀rọ̀ màmá mi tó ń jẹun gba tíúbù

Ọjọ́rú ni wọ́n gbé bébà kan lé mi lọ́wọ́ ní nọ́sìn hóòmù tí màmá mi wà ní Maryland níbí, wọ́n ní tó bá ti kọjá Jímọ̀, Medicare, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn arúgbó, ò ní sanwó mọ́. Wọ́n ní therapy ò mú nǹkan tuntun jáde lára màmá mọ́, àti pé màmá ti ń fẹnu jẹun díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára gan-an. Ọdún 14 ni màmá fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú yìí, gbogbo ìgbà tó bá gbowó ni wọ́n ń yọ ti Medicare níbẹ̀, ìgbà tí rọpárọsẹ̀ wá kọ lù ú tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa mọ́, tí dọ́kítà ní láti fi tíúbù sí i níkùn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sọ pé ó tó.

Mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Medicare fẹ́ kéèyàn ti sun òru mẹ́ta ní ọsibítù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbà wọlé, kó sì dé nọ́sìn hóòmù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀. Òru mẹ́rin ni màmá sùn, àmọ́ òru àkọ́kọ́, observation ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ wò, wọn ò tíì gbà á wọlé, ìyẹn ò wọ ìṣirò rárá, mẹ́ta tó kù ló gbà wá. Ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn yín bá wà ní ọsibítù, ẹ máa bi wọ́n lójoojúmọ́ pé kí ni wọ́n kọ sílẹ̀, inpatient àbí observation.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí. Òfin Medicare ka oúnjẹ tíúbù sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyẹn skilled, irú ìtọ́jú tí wọ́n ń sanwó fún ní nọ́sìn hóòmù, tí oúnjẹ tó ń gba tíúbù wọlé bá tó ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún kàlórì tí ara ẹni náà nílò lóòjọ́, tí omi tó ń bá a wọlé náà sì tó 501 mílílítà. Kò sọ pé ẹnu ò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ. Mo bá lọ bá obìnrin tó ń ṣètò oúnjẹ wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tẹ ìwé màmá jáde. 1,600 kàlórì ni wọ́n kọ pé màmá nílò. Lóru, pọ́ńpù ń fún un ní 50 mílílítà ní wákàtí kan fún wákàtí 12, 600 nìyẹn, mílílítà kan sì ní kàlórì 1.5, ó di 900. Ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún! Omi tí wọ́n fi ń ṣan tíúbù nìkan, 120 lẹ́ẹ̀mẹrin, jẹ́ 480, ká má tiẹ̀ tíì ka omi inú oúnjẹ náà. Ògì tó ki díẹ̀ tí màmá ń lá lọ́sàn-án kò yí ìṣirò yẹn padà.

Ti pé ara ẹ̀ ò yá sí i, wọ́n ti parí ẹjọ́ yẹn tipẹ́, Jimmo ni wọ́n ń pè é, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ẹ̀ ní January 2013: ohun tí aláìsàn nílò ni wọn á wò, kì í ṣe bóyá ara ẹ̀ á yá.

Ẹ má fi àsìkò ṣeré o. Nọ́ńbà QIO, ìyẹn àwọn tó ń tún irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò fún Medicare, wà nínú bébà yẹn, mi ò sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n kọjá ọ̀sán aago 12 Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí owó máa dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, mi ò sùn, mo pè wọ́n láàárọ̀ yẹn, mo ka nọ́ńbà oúnjẹ màmá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ dọ́kítà ẹ̀ kó kọ lẹ́tà kan tó sọ nǹkan kan náà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n pè mí pé a jàre, Medicare á máa sanwó lọ. Mo sunkún lórí fóònù.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá ṣá o. Ọjọ́ 20 àkọ́kọ́ nìkan ni ò gba kọ́bọ̀, láti ọjọ́ 21 dé ọjọ́ 100, ní 2025, 209.50 dọ́là lójúmọ́ ló kàn wá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń pín in.

Nǹkan kan wà tí mi ò tètè mọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé téèyàn bá lo 60 ọjọ́ láìgba ìtọ́jú skilled, ọjọ́ 100 mìíràn lè bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí tíúbù yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tí mo sọ yẹn, nínú nọ́sìn hóòmù, skilled ló ṣì ń gbà, 60 ọjọ́ yẹn ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà láé. Nǹkan tó gbà wá ní àkọ́kọ́ náà ló tún ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà kó tó di ọjọ́ 70 ni mo ti ń kó ìwé báńkì màmá jọ fún Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì gbà á lọ́sẹ̀ tí ọjọ́ 100 pé.