Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Surrealism Bí Ẹni Ń Ka Àrokò

Láyé àtijọ́, owó ẹyọ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde fi ń ránṣẹ́ sí èèyàn wọn ní Èkó. Wọ́n á sín in sókùn, wọ́n á fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á sì kà á. Ẹyọ mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ: ẹ̀jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn, ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ ni. Ẹyọ méjì yẹn kan náà, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti wọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí i pé owó ẹyọ fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Iye rẹ̀, ibi tó kọjú sí àti ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán Surrealism, iṣẹ́ ọnà tó ń gbé àlá àti èrò abẹ́ ọkàn jáde, ṣe rí. Ohun tó ń ba kíkà rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n sọ ọ́ di ìwé ìtumọ̀ àlá: aago ni àkókò, ẹyẹ ni òmìnira, ó parí. Ẹni tó bá ń múra ìdánwò Visual Art lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ní Òde, ní Ṣàgámù tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, kó jọ̀wọ́ gbé ìwé ìtumọ̀ yẹn tì.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún 1924 ni òǹkọ̀wé André Breton tẹ ìkéde ẹgbẹ́ Surrealism jáde ní Paris. Ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì ti bá àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kìíní da ọpọlọ wọn rú ṣiṣẹ́. Ó tún ń tẹ̀lé ohun tí Sigmund Freud, oníṣègùn tó ń wádìí ọkàn èèyàn, kọ nípa àlá. Ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ni èrò bó ṣe ń jáde kí làákàyè tó dí i lọ́nà.

Ẹ wọn àwòrán náà kí ẹ tó wò ó

Fóònù ń purọ́ nípa bí nǹkan ṣe tóbi tó. Àwòrán aago rírọ̀ tí Salvador Dalí, ayàwòrán ará Spéìn, yà ní 1931, The Persistence of Memory, kò ju sẹ̀ǹtímítà 24 sí 33 lọ. Díẹ̀ ló fi ju bébà A4 lọ. La Jungla tí Wifredo Lam, ayàwòrán ará Cuba, yà ní 1943 ga tó sẹ̀ǹtímítà 239, ó fẹ̀ tó 230: ó ga ju ẹnu ọ̀nà yàrá lọ. Museum of Modern Art ní New York ni méjèèjì wà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ní lójú fóònù. Ẹ fi téèpù wọn ìwọ̀n àwòrán yín sára ògiri, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì dúró síwájú rẹ̀. Àwòrán Dalí á mú kí ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yọjú wo inú àpótí ẹlòmíràn. Ti Lam á dúró lé yín lórí. Ìyàtọ̀ yìí ti jẹ́ apá kan ìtumọ̀, ó sì yẹ kó wọ inú ohun tí ẹ máa kọ.

Ẹ gba àwòrán náà láti orí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọnà tó ni ín. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti orí WhatsApp kan sí èkejì ti pàdánù ipa búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì sábà máa ń gé etí rẹ̀ kúrò. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kejì tí ẹ sọ di dúdú àti funfun nínú fóònù. Òun ló máa fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí hàn yín.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsọ ìtumọ̀

Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀, iye rẹ̀ àti ibi tó wà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tíì ka orúkọ àwòrán. Orúkọ máa ń tì ojú sí ọ̀nà kan, àti pé ọ̀pọ̀ àwòrán René Magritte, ayàwòrán ará Belgium, lẹ́yìn tí ó yà wọ́n tán ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ fún wọn.

Kíkà yìí ló ń yọ èèyàn nínú àṣìṣe. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé aago Dalí ń yọ́. Ẹ kà wọ́n: mẹ́rin ni. Mẹ́ta rọ̀. Ẹ̀kẹrin, aláwọ̀ ọsàn tó wà lápá òsì nísàlẹ̀, le gbagidi, ìdérí rẹ̀ pa dé, èèrà sì bò ó. Eṣinṣin kan bà lé ọ̀kan nínú àwọn tó rọ̀. Èèrà kì í ṣùrù bo irin; ẹran tó ti ń bàjẹ́ ló ń ṣùrù bò. Dalí fúnra rẹ̀ sọ pé ara wàràkàṣì tó rọ̀ ni òun ti rí aago rírọ̀ náà. Nítorí náà, mẹ́ta di oúnjẹ, ọ̀kan di òkú ẹran. Ohun tí àwòrán náà ṣe ni pé ó fún irin ní ikú tí ẹran ara ń kú. Ẹni tó kọ pé "aago dúró fún àkókò" kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹ̀dà dúdú àti funfun. Òjìji ló bo iwájú, níbi tí àwọn aago wà. Àpáta ọ̀nà jíjìn ni oòrùn ń tàn sí. Àpáta yẹn wà lóòótọ́, etíkun Catalonia ní Spéìn, nítòsí ilé Dalí, ni. Ibi tó jẹ́ òtítọ́ wà nínú ìmọ́lẹ̀, ibi àlá wà nínú òkùnkùn.

Ọwọ́ tó yà á

Ọwọ́ oríṣi méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, àfi kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń wò.

Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tó fi ara pamọ́. Dalí àti Magritte ló ni ín. Ọ̀dà olóróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ara àwòrán tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ipa búrọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fẹ́ ká gba ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Ẹ fi òjìji àti èéfín dán an wò. Ní 1938 Magritte ya ọkọ̀ ojú irin tó ń jáde láti inú ààrò tí àwọn òyìnbó fi ń yá iná nínú pálọ̀. Kò sí ojú irin lábẹ́ rẹ̀, ó kàn dúró sí afẹ́fẹ́. Síbẹ̀ èéfín rẹ̀ gba inú ààrò lọ sókè bó ṣe yẹ kí èéfín ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló yí, ìyókù wà bó ṣe wà. Kí ló so ààrò mọ́ ọkọ̀ ojú irin? Èédú ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ìdè báyìí ni kí ẹ máa wá, nítorí ohun méjì tí kò ní ìdè kankan kì í bani lẹ́rù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo orúkọ, kí ẹ sì wá a ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. La Durée poignardée ni Magritte pè é: àkókò tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Time Transfixed, ti fi ọ̀bẹ náà pamọ́.

Ọwọ́ kejì ni èyí tí ayàwòrán jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa lọ fúnra rẹ̀. André Masson jẹ́ kí bírò máa rìn lórí bébà láìmọ ohun tó máa yà, ó sì tún da iyanrìn sórí gọ́ọ̀mù. Max Ernst tẹ́ bébà sórí pákó ilẹ̀ ní 1925, ó fi pẹ́ńsù ra á títí ojú pákó fi jáde: frottage nìyẹn. Óscar Domínguez tẹ bébà mọ́ ọ̀dà tútù, ó sì ṣí i: decalcomania. Wolfgang Paalen lo èéfín àbẹ́là.

Ojú kì í dá ọwọ́ kejì yìí mọ̀ àfi bí ọwọ́ yín náà bá ti ṣe é rí, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Fún frottage, ẹ mú bébà ìtẹ̀wé lásán, gíráàmù 70 tàbí 80. Bébà ìyàwòrán nípọn jù, kò ní gba ojú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńsù 4B tàbí 6B, nítorí HB le jù. Ẹ tẹ́ bébà sórí asẹ́ gàrí, ẹ fi sẹ́lótéèpù mú igun méjì, kí ẹ dùbúlẹ̀ pẹ́ńsù kó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, lọ́nà kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé bébà kan náà lọ sórí ẹní, kí ẹ tún gbé e lọ sí ara èèpo igi. Bí ìlà bá jáde ní méjì-méjì, bébà ti yẹ̀. Bó bá ya, ẹnu pẹ́ńsù lẹ lò. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣú bí kùrukùru, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ wá yí bébà náà káàkiri títí ẹ ó fi rí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀, kí ẹ fi bírò fa etí rẹ̀ jáde.

Fún decalcomania, ẹ po ọ̀dà poster kó ki tó ògì mímu, ẹ tẹ́ ẹ sójú bébà kàlẹ́ńdà tó ń dán, ẹ fi bébà mìíràn bò ó, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ṣí i láti igun kan, díẹ̀díẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ ó rí ẹ̀ka bíi gbòǹgbò tàbí bí odò tó ya. Bí omi bá pọ̀ jù, á dà pọ̀. Bó bá ki jù, ojú àpá lásán lẹ máa rí.

Nígbà tí ẹ bá padà sí iṣẹ́ Ernst, àmì tó dájú jù rèé: ojú tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n tẹ̀ kì í kéré sí i bí nǹkan ṣe ń jìnnà. Pákó ò mọ ọ̀nà jíjìn. Bí ewé iwájú àti ewé ẹ̀yìn bá ní ìṣùpọ̀ tó tóbi bákan náà, tí etí wọn sì gé ṣáká, ohun tó ṣèèṣì jáde ló kọ́kọ́ wà, ayàwòrán ló wá gé e di igi tàbí ẹyẹ. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má béèrè ìdí tó fi gbèrò ẹyẹ. Ẹ béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹyẹ ló rí nínú àbàwọ́n tí ẹlòmíràn ì bá pè ní odò.

La Jungla, àti ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa rẹ̀

Àwòrán yìí ló yẹ kí ọmọ Yorùbá jókòó tì jù, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan wà nínú èdè wa. Ọdún 1902 ni wọ́n bí Lam ní Sagua la Grande ní Cuba, ilẹ̀ oko ìrèké. Ará Ṣáínà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti Spéìn. Ìyá ìsàmì rẹ̀, Mantonica Wilson, jẹ́ olórìṣà Ṣàngó nínú ẹ̀sìn Lukumí, èyí tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀. Lam lọ sí Spéìn ní 1923, ó dé Paris ní 1938, ó mọ Picasso àti Breton, ogun sì lé e padà sí Cuba ní 1941.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Orí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kánfáàsì ló yà á sí. Kò sí ojú ọ̀run, kò sí ọ̀nà. Ìrèké dúró gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀dá náà gùn gbọọrọ bíi tiwọn, débi pé ojú ń ṣìnà láàárín ẹsẹ̀ àti igi. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tóbi rẹpẹtẹ. Ojú wọn dà bí agọ̀ àti bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lápá ọ̀tún lókè, ọwọ́ kan gbé àlùmọ́gàjí sókè.

Igbó ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrèké kì í hù nínú igbó. Oko ni wọ́n ń gbìn ín sí, ẹrú ló sì gbìn ín ní Cuba títí di 1886. Orúkọ àti àwòrán kẹ̀yìn síra bí ẹyọ méjì yẹn. Àárín ẹ̀yìn méjèèjì ni kí ẹ wọ̀: ẹni tó ń wò láti òkèèrè rí igbó ẹhànnà, ẹni tí wọ́n kó wá sibẹ̀ rí oko ìsìnrú.

Ní ti kọ́kọ́rọ́ náà: nínú àwọn iṣẹ́ Lam mìíràn, obìnrin tó ní orí ẹṣin pọ̀. Ọ̀pọ̀ á kàn kọ "ẹranko" tàbí "àlá burúkú". Ní Cuba, ẹṣin ni wọ́n ń pe ẹni tí òrìṣà bá sọ̀ kalẹ̀ sí lára. Àwa náà sọ pé òrìṣà gùn ún, a sì ń pe onítọ̀hún ní ẹlẹ́gùn; gígùn yẹn náà ni ti àwọn tó gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba. Ní Ojúde Ọba, èèyàn ló wà lókè. Nínú iṣẹ́ Lam, èèyàn ni ẹṣin, ẹni tó gùn ún ni a ò rí. Orí róbótó kékeré tó ní ìwo, Ẹlẹ́gbára ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ bíi sátánì inú Bíbélì, nítorí ó máa yí gbogbo ìtumọ̀ sódì.

Ewu tó wà níbẹ̀ fún wa ni ìkánjú. Lam kò wọ ẹgbẹ́ olórìṣà, kì í sì í ṣe oríkì ló ń yà. Ẹ má lẹ orúkọ òrìṣà mọ́ ẹ̀dá kankan àfi bí ẹ̀rí méjì bá wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìlù àgbá Òṣùgbó ní Ìjẹ̀bú wé e, èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀dá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹja àrọ̀ sí lára. Àmì yẹn ti wà kí agbẹ́gilére tó dé, ẹgbẹ́ ló ni ín. Àmì inú Surrealism, ẹnì kan ló yàn án, nítorí náà inú iṣẹ́ onítọ̀hún mìíràn lẹ ti máa mọ̀ ọ́n: ó kéré tán, ẹ wo mẹ́ta. Èèrà Dalí ń padà wá láti àwòrán dé àwòrán, ibi tí nǹkan ti ń jẹrà ló sì ti ń padà wá.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ìpínrọ̀ kan fún àmì kan tó. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ sọ bí wọ́n ṣe yà á, lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀. Fún àpẹẹrẹ:

"Nínú aago mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni kò rọ̀, òun náà sì ni èèrà bò. Ọ̀dà tó tẹ́ pẹrẹsẹ mú kó dán bí irin gidi, ìyẹn ni èèrà tó ń jẹ ẹ́ bí ẹran fi bani lẹ́rù. Mo kà á pé líle kò gba aago yìí lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́ tó mú àwọn tó rọ̀."

Ẹ pa gbólóhùn ìtumọ̀ náà rẹ́, kí ẹ fún ẹlòmíràn ní méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwòrán náà. Bí kò bá lè débi tí ẹ dé tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ̀rí yín ò tíì pé. Ẹ padà sí ìwé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kí ẹ wo ohun tí ẹ kà tí ẹ ò tíì lò.